Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Bí A Ṣe Ń Yẹ Láptọ́ọ̀pù Wò Kí A Tó San Owó



Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni a fẹ́ sọ. Láptọ́ọ̀pù ni kọ̀ǹpútà kékeré tí a lè pa dé bí ìwé, tí a sì lè gbé sínú àpò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń rà á nísinsìnyí. Ẹlòmíràn ń rà á fún ọmọ tí ó wọ ilé-ìwé gíga. Ẹlòmíràn ń rà á láti fi ṣe ìṣirò ọjà. Ẹlòmíràn sì fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré, kí ó máa bá ará àdúgbò tẹ ìwé.

Owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Owó àjọ oṣù púpọ̀ ni ẹlòmíràn kó jọ kí ó tó lè rà á. Bí a bá ṣì í rà, ó di ẹkún.

Àwọn àgbà ní, "Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn." Òwe yìí kò parọ́. Ṣùgbọ́n ti láptọ́ọ̀pù yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tí ó wọ́n jù lè ní agbára tí a kò ní lò láéláé. Èyí tí kò wọ́n rárá lè kú mọ́ wa lọ́wọ́. Èyí tí owó rẹ̀ wà láàárín ni ó máa ń tó ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé láptọ́ọ̀pù méjì lè jẹ́ iye kan náà, kí ọ̀kan máa sáré bí ẹṣin, kí èkejì máa wọ́ bí ìgbín. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó dára? Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí wà fún nìyẹn.

1. Ohun tí ojú wa rí

Àwa tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ wa dá owó jọ láti ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan. A fẹ́ máa fi tọ́jú ìṣirò owó ẹgbẹ́, nítorí òjò ti ba ìwé àkọsílẹ̀ wa jẹ́ rí. Àwa mẹ́ta ni ẹgbẹ́ rán lọ sí ọjà.

Nígbà tí a dé ọjà, ẹni tí ó ń tà á gbé ọ̀kan wá. Ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n lẹ àmì kékeré kan mọ́ ọn, wọ́n kọ i7 sí i. Ẹnìkan sì ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé i7 ju i5 lọ, i5 sì ju i3 lọ. Inú wa dùn. A dúnàá-dúrà, a sanwó, a gbé e lọ sílé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìpàdé ọdún kò. Akọ̀wé wa tan láptọ́ọ̀pù náà kí ó lè ka ìṣirò owó sí etí gbogbo ẹgbẹ́. Gbogbo wa ń wò ó. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó tó ṣí. Nígbà tí akọ̀wé wá ṣí ìwé ìṣirò, ojú rẹ̀ dúró gbagidi, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Kí akọ̀wé tó ka ìlà kẹwàá, bátìrì kú. Kò sì sí iná mànàmáná lọ́jọ́ náà.

Bàbá kan dìde. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí ẹ fi owó wa rà nìyí? Àbí ẹ ti jẹ níbẹ̀ ni?"

Kò sí ẹni tí ó jẹ kọ́bọ̀ nínú owó náà. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe fi hàn? Ojú tì wá. Obìnrin méjì kọ̀, wọn kò san owó oṣù náà. Díẹ̀ ló kù kí ẹgbẹ́ tú.

Nígbà tí a gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó là wá lọ́yẹ. Ó ní ẹni tí ó tà á fún wa kò purọ́: i7 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n i7 àtijọ́ ni. RAM rẹ̀ kéré. Díìsìkì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń yí. Bátìrì rẹ̀ sì ti gbó. Àwa ni a kò mọ ohun tí ó yẹ kí a béèrè. Bẹ́ẹ̀, abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ohun tí a ó máa béèrè.

2. Kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Kí a tó bi ọlọ́jà ní ohunkóhun, ara wa ni a ó kọ́kọ́ bi: kí ni a fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù ṣe?

Iṣẹ́ tí à ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́: lẹ́tà kíkọ, ìṣirò owó, ìwé kíkà, àti íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀.

Èkejì ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ọ́fíìsì: kí a ṣí ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a máa gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí fídíò, kí a sì máa kọ̀wé lọ.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ wúwo: kí a máa gé fíìmù, kí a máa ya àwòrán ilé, tàbí kí a máa ṣe eré orí kọ̀ǹpútà tí àwòrán rẹ̀ pọ̀.

Láptọ́ọ̀pù olówó àárín tó fún iṣẹ́ èkíní àti èkejì dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kẹta ni a fẹ́ ṣe, owó wa gbọ́dọ̀ gòkè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ lẹ́tà, kí ó má ra ti agéfíìmù. Ẹni tí ó ń ru ẹrù agbọ̀n kan kò nílò ọkọ̀ akẹ́rù.

3. Télọ̀, tábìlì àti yàrá aṣọ

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí iṣẹ́ yá níbẹ̀. Èkíní ni télọ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì ni tábìlì tí ó ń tẹ́ aṣọ sí. Ẹ̀kẹta ni yàrá tí ó ń kó aṣọ pamọ́ sí. Bí télọ̀ bá mọ iṣẹ́ títí, tí tábìlì rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iṣẹ́ kò ní yá. Bí tábìlì bá tóbi, tí yàrá aṣọ sì wà ní òpin àdúgbò, iṣẹ́ kò ní yá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni láptọ́ọ̀pù rí.

Télọ̀: ọpọlọ láptọ́ọ̀pù

Ọpọlọ láptọ́ọ̀pù ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Intel àti ilé-iṣẹ́ AMD ni wọ́n ṣe èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ láptọ́ọ̀pù tí à ń rí lọ́jà. Ti Intel máa ń jẹ́ i3, i5 tàbí i7. Ti AMD máa ń jẹ́ Ryzen 3, Ryzen 5 tàbí Ryzen 7.

Lóòótọ́, 5 ju 3 lọ, 7 sì ju 5 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi wé èyí tí wọ́n ṣe ní àsìkò kan náà ni. Níbi tí àwa ti ṣìnà nìyẹn. Ó yẹ kí a ka nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

i7-5500U
i5-8250U

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlà kékeré náà ni ó ń sọ ìran tí ọpọlọ náà jẹ́. Ti òkè jẹ́ ìran karùn-ún. Ọdún 2015 ni ó jáde. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ìran kẹjọ. Ọdún 2017 ni ó jáde. Ti òkè ní télọ̀ méjì nínú, ti ìsàlẹ̀ ní mẹ́rin. Nítorí náà, i5 ìsàlẹ̀ yìí lè ṣe iṣẹ́ ju i7 òkè lọ. I7 òkè ni àwa rà.

Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, 11, 12 tàbí 13, nọ́ńbà méjì ni a ó mú. i5-1235U jẹ́ ìran kejìlá. Láti òpin ọdún 2023, Intel ti ń yọ lẹ́tà i kúrò lára àwọn tuntun kan, wọ́n ń pè wọ́n ní Core 5 tàbí Core Ultra 5. Kí orúkọ náà má dààmú yín.

Ẹ wo lẹ́tà ìparí pẹ̀lú. U túmọ̀ sí pé kì í jẹ iná púpọ̀. H lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná, ó sì ń gbóná. Ẹni tí ó ń gbé ibi tí iná kì í dúró, U ni ó bá a mu.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìran fi ṣe pàtàkì. Windows ni ètò tí ó ń darí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ilé-iṣẹ́ Microsoft tí ó ni ín dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Ọkitóbà ọdún 2025. Windows 11 ni ó rọ́pò rẹ̀. Ní ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11. Láptọ́ọ̀pù tí ìran rẹ̀ bá kéré sí èyí dà bí ilé tí kò sí ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè wọlé.

Tábìlì: RAM

RAM ni tábìlì tí ọpọlọ ń tẹ́ iṣẹ́ sí. GB ni a fi ń wọ̀n ọ́n. 4 GB ni ó kéré jù tí Windows 11 lè gbà, ṣùgbọ́n tábìlì tí ó há ni. 8 GB tó fún iṣẹ́ èkíní àti èkejì. 16 GB fẹ̀ gan-an fún akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò lò ó pẹ́.

Ẹ béèrè pé, "Ṣé a lè fi RAM kún un lọ́jọ́ iwájú?" Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n lẹ RAM mọ́ pátákó inú wọn. Irú èyí kò ṣeé fi kún. Bí ó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, kí a má rà á bí RAM rẹ̀ kò bá tó láti òní lọ.

Yàrá aṣọ: díìsìkì

Inú díìsìkì ni à ń tọ́jú ìwé, àwòrán àti orin sí. Oríṣi méjì ni ó wà.

HDD ni ti àtijọ́. Ó ní àwo pẹlẹbẹ tí ń yí nínú. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, àwo yìí ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, ó falẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ kan ní láti wá ibi tí ìwé wa wà lórí àwo náà. Bí láptọ́ọ̀pù bá jábọ́ nígbà tí ó ń yí, ó lè bàjẹ́.

SSD ni ti ìsinsìnyí. Kò sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀ rárá. Ó yára ju HDD lọ fíìfíì. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ ra SSD. SSD 256 GB tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọlọ́jà lè sọ pé, "HDD yìí jẹ́ 500 GB, ó ju 256 lọ." Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n yàrá ńlá tí ó jìnnà kò dára tó yàrá kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

4. Bátìrì, ojú àti kíbọọ̀dù

Ní ìlú wa níbí, bátìrì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bátìrì a máa gbó díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí ti tòkunbọ̀ fi yẹ kí a dán wò dáadáa. Bí a ó ṣe dán an wò wà níwájú.

Ojú láptọ́ọ̀pù náà ṣe pàtàkì, pàápàá fún àwa tí ojú wa ti ń di ojú àgbà. Ẹ wá èyí tí ó jẹ́ 1920 × 1080. Lẹ́tà inú rẹ̀ máa ń mọ́ ju ti 1366 × 768 lọ. Ẹ gbé e sí ìta gbangba, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì lè rí lẹ́tà kà.

Ti kíbọọ̀dù, a ní ọ̀rọ̀ ìdùnnú kan. Inú Windows ni kíbọọ̀dù Yorùbá wà, kò sí owó tí a ó san lé e. A lè fi kọ ẹ, ọ àti ṣ bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó ń tún un ṣe lè bá yín tò ó.

5. Bí a ó ṣe dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú. Ẹni tí ó ń kán yín lójú kò fẹ́ kí ẹ ríran. Ẹ jókòó, kí ẹ sì ṣe nǹkan wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(a) Ẹ ní kí wọ́n pa á pátápátá, kí wọ́n sì tún un tàn lójú yín. Ẹ wo aago fóònù yín. SSD tí ó dára máa ń ṣí ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ dáadáa, ẹ béèrè ìdí.

(b) Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọlọ́jà kò mọ̀, tàbí tí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan yọ lójú rẹ̀ tí ó ní kí ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdè ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ni ín ṣì wà lára rẹ̀.

(d) Ẹ má gba ohun tí a kọ sára àmì gbọ́, nítorí àmì ṣeé lẹ̀. Ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì mẹ́ta yìí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan: Ctrl, Shift àti Esc. Ojú ewé kan yóò ṣí. Ẹ wá ibi tí a kọ Performance sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. CPU ni ọpọlọ: ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Memory ni RAM: ẹ ka iye GB rẹ̀. Disk ni díìsìkì: ẹ wò ó bóyá SSD ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí HDD. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé yín. Ohun tí ìwé kíkà ṣe fún wa nìyí: a kò gbọ́ ti ẹnu ọlọ́jà nìkan mọ́.

(e) Ẹ ṣí nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà: ìwé lẹ́tà, ìwé ìṣirò, fídíò kan, àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì méjì. Ẹ máa ti ọ̀kan lọ sí èkejì. Ṣé ó ń lọ geerege? Àbí ó ń dúró? Ẹ fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Ṣé ó ń gbóná jù?

(ẹ) Ẹ yọ ṣájà nígbà tí bátìrì bá wà ní 100%. Ẹ jẹ́ kí fídíò máa lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí a ní ó já sí 80%. Ó ti jẹ 20 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yóò jẹ 40 ní wákàtí kan. Nítorí náà, bátìrì náà yóò lò tó wákàtí méjì àti ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ 90% ni ó já sí, yóò lò tó wákàtí márùn-ún. Bí ó bá já sí 50%, wákàtí kan péré ni. Bátìrì tuntun ni ẹ ó fi kún owó rẹ̀ nìyẹn.

(f) Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà kíbọọ̀dù, láti A dé Z, àti nọ́ńbà 0 dé 9. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, kí ẹ mọ̀ bóyá egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì. Ẹ dán kámẹ́rà rẹ̀ wò, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì ki nǹkan bọ gbogbo ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

6. Ìṣirò owó rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo iye tí láptọ́ọ̀pù jẹ́ lónìí nìkan. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni iye tí yóò ná wa ní ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kọ́ ọ. Iye owó tí a kọ síhìn-ín kì í ṣe iye ọjà. Iye ọjà ń yí padà lójoojúmọ́. Ìṣirò ni a fi ń kọ́.

Láptọ́ọ̀pù kìíní jẹ́ ₦160,000. Ó ti gbó, ọdún méjì ni a rò pé yóò lò. ₦160,000 pín sí ọ̀nà 2 jẹ́ ₦80,000 ní ọdún kan.

Láptọ́ọ̀pù kejì jẹ́ ₦300,000. Yóò lo ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n a ó ra bátìrì ₦30,000 fún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦330,000. Pín in sí ọ̀nà 5, ó jẹ́ ₦66,000 ní ọdún kan.

Láptọ́ọ̀pù kẹta jẹ́ ₦700,000. Tuntun ni, yóò lo ọdún méje. Pín in sí ọ̀nà 7, ó jẹ́ ₦100,000 ní ọdún kan.

Ẹ ti rí i. Èyí tí ó dà bí ẹni pé kò wọ́n, òun ni ó wọ́n ju ti àárín lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti kẹta kò burú, bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ wúwo ni a fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni, owó tí a fi kún un ń ṣòfò.

7. Ibi tí a ó ti rà á, àti ìwé ẹ̀rí

Ní Ìkẹjà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọjà ńlá kan wà ní àdúgbò Otigba tí wọ́n ń pè ní Computer Village. Ọjà kékeré irú rẹ̀ wà ní àwọn ìlú mìíràn. Níbi yòówù kí ẹ ti rà á, ẹ bi ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta léèrè iye kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Ẹ má ra lọ́wọ́ ẹni tí ó ń rìn kiri tí kò ní ojú ṣọ́ọ̀bù. Bí ọjà olè bá ni, wàhálà ọlọ́pàá lè bá ẹni tí ó rà á.

Ẹ gba rìsíìtì. Kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lára rẹ̀, kí iye owó wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà ní ìdí láptọ́ọ̀pù náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọlọ́jà bá ní òun fún yín ní gàráńtì, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ mélòó ni, kí ni ó sì wà nínú rẹ̀? Gàráńtì ẹnu lásán, afẹ́fẹ́ ni. Òfin Nàìjíríà tí ó dáàbò bo oníbàárà wà fún irú ọ̀ràn báyìí. Àjọ FCCPC ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní rìsíìtì, kí ni yóò fi rojọ́?

8. Bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa ṣe parí

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀rù ń bà wá láti tún lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ gbà kí a tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí, a mú Bàbá tí wọ́n bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ní ìpàdé dání. A mú ìwé àti bírò. A yẹ láptọ́ọ̀pù méjì wò. Èkíní dára lójú, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ já láti 100% sí 60% ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A fi í sílẹ̀. Èkejì jẹ́ i5-8250U, RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, SSD rẹ̀ sì jẹ́ 256 GB. Igun rẹ̀ kan ti họ. Ọwọ́ Bàbá fúnra wọn ni aago wà nígbà tí a tàn án. Wọ́n ní, "Kò tilẹ̀ tó ìdajì ìṣẹ́jú!" A ra èyí tí igun rẹ̀ họ.

A kò ju ti àtijọ́ nù o. A bọ́ HDD inú rẹ̀, a fi SSD sí i, a sì sọ RAM rẹ̀ di 8 GB. Ó ń ṣí kíákíá báyìí. Nítorí pé ìran karùn-ún ni, a kò fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé ni ó ń fi kọ́ bí a ti ń tẹ lẹ́tà.

Ní ìpàdé ọdún tí ó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ka ìṣirò láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn. Bátìrì kò kú. Nígbà tí ó ka orúkọ Bàbá àti iye tí wọ́n ní lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Ó dára. Ẹ máa bá a lọ." Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́sí ti padà sí ìdí àjọ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: iṣẹ́ wa ni kí a kọ́kọ́ mọ̀, inú láptọ́ọ̀pù ni kí a wò, kí a sì ṣírò owó rẹ̀ sí ọdún tí a ó fi lò ó. Ara tí ń dán kì í ṣe iṣẹ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù ṣe?
2. Ẹni tí ó ta láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ kò purọ́. Kí ni àṣìṣe àwọn tí ó rà á?
3. Ìran wo ni i5-1135G7? Ìran wo ni i3-7100U? Èwo ni Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11?
4. Nínú àpẹẹrẹ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, kí ni tábìlì dúró fún? Kí ni yàrá aṣọ dúró fún?
5. Bátìrì kan já láti 100% sí 85% ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí mélòó ni yóò tó lò?
6. Láptọ́ọ̀pù kan jẹ́ ₦240,000, yóò sì lo ọdún mẹ́rin. Èlò ni yóò ná wa ní ọdún kan?
7. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ó gbọ́dọ̀ wà lára rìsíìtì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Bí ẹnìkan bá ní láptọ́ọ̀pù nínú kíláàsì yín, tàbí ní àdúgbò yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ẹ ka ohun tí ẹ bá rí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ara yín irú iṣẹ́ tí láptọ́ọ̀pù náà lè ṣe.